Wọ́n Ti Gbà Wá Wọlé, A Ò Tíì Rí Bẹ́ẹ̀dì: Ewu Tó Wà Nínú Dídúró ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin ará Ọbáníkòró, Ṣómólú àti Bàrígà sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwòsàn, mo sì mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí: kí n bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó máa ń sọ pé "kò sí bẹ́ẹ̀dì" lẹ́nu géètì. Màá fẹsẹ̀ kan débẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mò ń lọ gan-an. Ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì, gbogbo ayé ló ń gbọ́ igbe àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ẹni tí wọ́n ti gbà. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kó wọ wọ́ọ̀dù, ẹbí ti mí kanlẹ̀, wọ́n ti fóònù sílé pé "wọ́n ti gbà á o, ẹ bá wa dúpẹ́." Síbẹ̀, orí sítírẹ́ṣà tí wọ́n fi tì í wọlé náà ló ṣì wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, nítorí pé kò sí àyè lókè. Ó lè wà níbẹ̀ di ọ̀la, ó lè wà níbẹ̀ di ọ̀tunla. Àsìkò tí ọkàn gbogbo èèyàn ti balẹ̀ yìí gan-an ni ewu ń ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi. Ẹ fojú nọ́ọ̀sì wo ọ̀rọ̀ mi. N kì í ṣe kọmíṣọ́nnà, n kò sì wá tọrọ ìbò.

A kò lè sọ pé ilé ìwòsàn jìnnà sí àdúgbò wa yìí. Ẹni tó bá dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ọbáníkòró lójú ọ̀nà Ìkòròdú, bó bá kọjú síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ kan ọ̀kan: Jẹ́nẹ́rà Ṣómólú, Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà, ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbòbì, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Ìgbòbì yẹn, ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. LASUTH tí ẹ ń wò yẹn, ilé ìwòsàn kékeré kan ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1955; ọdún 2001 ló di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Èkó tí wọ́n kọ́ wọn fún kọ́ la wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé a ti lé ní mílíọ̀nù 20. Gbogbo wa ni ọ̀kadà ń gbá, gbogbo wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú sì wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé máa ń gé ìka wọn.

Kí ni ẹ̀ka pàjáwìrì wà fún? Kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya dúró, kí ẹni tí kò lè mí mí, kí dókítà mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn kó sì pinnu ibi tó ń lọ. Ibi ìkọjá ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé kí ojú wa máa wà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí òun ló lè kú ní ìṣẹ́jú yìí. Ẹni tó ti dé láti àná, tí wọ́n ti mọ àìsàn rẹ̀, tí wọ́n ti so dírípù mọ́, a ó wò ó fìrí, a ó kọjá. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe pé a kò láàánú. Wọ́ọ̀dù ló ní nọ́ọ̀sì tó ń yípo bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá fi ẹni ogún tó yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù sílẹ̀ síbi tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti ń sáré kiri, ta ni yóò rántí oògùn agogo mẹ́jọ?

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá kan wọlé ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára ìyá tipẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, egbò kékeré kan tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń rùn. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe dáadáa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n so dírípù, wọ́n fún un ní ínsúlíìnì, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń pa kòkòrò inú egbò, dókítà sì kọ ọ́ pé kó máa gba abẹ́rẹ́ yẹn ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Agogo méjì lù, nọ́ọ̀sì àárọ̀ fi iṣẹ́ lé tọ̀sán lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn dókítà wọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yẹ ìyá wò, wọ́n ní àwọn gbà á. Wọ́n mú fáìlì rẹ̀ gòkè lọ kí wọ́n lè bá a wá bẹ́ẹ̀dì.

Fáìlì wà lókè, aláìsàn wà nísàlẹ̀, inú fáìlì sì ni ìwé oògùn wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì alẹ́ gba iṣẹ́ lágogo mẹ́jọ, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé "ìyá yẹn ti di ti wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ń dúró dè." Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kò rí ìyá kankan lórí bẹ́ẹ̀dì, báwo ni yóò ṣe fún un lóògùn? Ọmọ ìyá ti ra abẹ́rẹ́ náà ní fámasì, ó dì í sínú náílọ̀n dúdú, ó so ó mọ́ irin sítírẹ́ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá rẹ̀. Ó dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń fi páálí fẹ́ ìyá rẹ̀ lójú. Ó gbà pé bí àsìkò bá tó, wọn yóò wá mú un. Nígbà tí mo wọlé fún iṣẹ́ àárọ̀, náílọ̀n náà ṣì wà níbi tó so ó sí, abẹ́rẹ́ pé sínú rẹ̀ pérépéré. Ṣúgà ìyá ti fò sókè ju bó ṣe wà nígbà tó dé lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá náà nísàlẹ̀ orúnkún. Bóyá wọn ìbá gé e bó tilẹ̀ gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà, kò sẹ́ni tó lè búra. Ohun tí mo lè búra sí ni pé kò sí ọ̀lẹ tàbí ìkà kankan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ méjì ni wọ́n ní ìyá náà wà, kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló le jù nínú gbogbo ewu tí mo fẹ́ kà sílẹ̀, èyí ni màá mú, ju kòkòrò lọ, ju àìsùn lọ: àkókò tí aláìsàn ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnì kejì.

Àwọn ewu yòókù rọrùn láti fojú rí. Ẹ wo sítírẹ́ṣà fúnra rẹ̀: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, fóòmù rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọn kò ṣe é kí èèyàn sùn mọ́jú lórí rẹ̀. Àgbàlagbà tí kò lè yí ara padà, láàárín wákàtí mélòó kan, ara ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ń bó. Egbò yẹn lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jinná. Ọ́síjìn inú sílíńdà lè tán lóru kí ẹni tó ń fà á má lè pariwo. Iná kì í kú níbẹ̀ lóru tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ariwo kì í dá, oorun kò sí. Bàbá tó gbọ́n ṣáṣá nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, á fẹ́ fa dírípù yọ, á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á ṣubú. Àwọn ẹbí á ní ayé ti dá sí i. Kì í ṣe ayé. Àìsùn, ibà, àìtó omi nínú ara àti ibi àjèjì ló da orí bàbá rú, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ojú Nàìjíríà ni mo fi ń wò ó. Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù kejìlá 2022, àwọn dókítà tọpa àgbàlagbà 1,598 tó ti tó ẹni ọdún 75 ní ẹ̀ka pàjáwìrì 97. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gbà wọ ilé ìwòsàn. Àwọn kan rí bẹ́ẹ̀dì kó tó di ààjìn òru, àwọn tó kù sun orí sítírẹ́ṣà mọ́jú. Nínú àwọn tó rí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan bí 11 nínú 100 ló kú sí ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tó sun orí sítírẹ́ṣà, ó sún mọ́ 16. Òru kan ṣoṣo ni mò ń sọ o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wo ìwé aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni 82 bá kọjá wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ẹ̀ka pàjáwìrì kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan nínú wọn á kú láàárín oṣù kan tí kì bá ti kú. Wákàtí mẹ́fà! Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀dì láàárín wákàtí mẹ́fà, ẹbí rẹ̀ á fi ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti kòkòrò àrùn ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 2015, ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn Samsung ní Seoul, ní South Korea, torí pé èrò pọ̀. Àrùn èémí tí wọ́n ń pè ní MERS ló wà lára rẹ̀, wọn kò sì tíì mọ̀. Ó lé ní 80 èèyàn tó kó o lára rẹ̀: aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó wá wo èèyàn wọn, àwọn òṣìṣẹ́. Ilé ìwòsàn tó lówó tó sì mọ́ tónítóní nìyẹn. Àwa ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, a ní Lassa, a sì máa ń tò sítírẹ́ṣà débi pé ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan á kan ti ẹnì kejì.

Kí ló fà á gan-an? Ọ̀pọ̀ á ní èrò tó ń wọlé ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bàrígà, ẹ mọ̀ pé bí ìdọ̀tí bá dí ìparí kánààlì, inú pálọ̀ yín ni omi ń wá. Ẹ lè gbọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí ìparí kánààlì kò bá ṣí, ẹ kàn ń ṣe eré ìdárayá ni. Ẹ̀ka pàjáwìrì kún torí pé wọ́ọ̀dù òkè kò ṣòfo, wọ́ọ̀dù kò sì ṣòfo torí pé ẹni tó ti sàn kò lè lọ sílé. Dókítà àgbà kò tíì dé láti fọwọ́ sí ìwé. Ìwé owó kò tíì jáde. Ó jáde, ọ́fíìsì owó ti tì, ọjọ́ Ẹtì sì ni. Ó di Mọ́ńdè. Èyí tó wá le jù ni ti ẹni tí kò rí owó san rárá, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Mo ti rí ọkùnrin tó ti sàn pátápátá, tó ń bá wa ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri wọ́ọ̀dù, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ń dúró dè nísàlẹ̀. Ilé ìwòsàn ń ṣọ́ gbèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lò níbẹ̀, gbèsè náà ń ga sí i. N kò tíì rí ìṣirò owó tó gọ̀ tó yìí.

Ọ̀rọ̀ owó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde ní tààrà. Òfin adójútòfò ìlera ti wà láti 2022 pé kí gbogbo èèyàn wọ inú rẹ̀. Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, wà ní tiwa níbí. Bí aláìsàn bá ní in, àti wíwọlé àti jíjáde rẹ̀ ló máa ń yá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí mi tí mò ń yọ yín lẹ́nu lórí káàdì adójútòfò yẹn, ẹ má rò pé wọ́n fún mi ní kọmíṣọ̀n.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń lọ. Mínísítà ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Bẹ́ẹ̀dì tí kò ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, irin lásán ni. Ọkọ̀ ambulance náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ní Accra, ní oṣù kẹfà 2018, bàbá ẹni 70 ọdún kan kú sínú ọkọ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ẹbí rẹ̀ ti gbé e dé ilé ìwòsàn méje tí gbogbo wọn ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo Ghana ló bínú. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, ìjọba wọn kó ambulance 307 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ambulance bá yára gbé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló yára dé.

Òfin ńkọ́? Òfin ìlera ilẹ̀ wa ti 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu géètì ni òfin náà dúró sí, ní tèmi. Ó ní ẹ gbà á wọlé. Bí ẹ bá ti gbà á wọlé, tí ẹ fi í sílẹ̀ lórí sítírẹ́ṣà fún ọjọ́ méjì, ẹ kò tíì kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ṣe ń pa òfin mọ́ tí aláìsàn sì ń jẹ̀rora.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ bá mi jà. Dókítà Peter Viccellio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stony Brook, ní New York, ló gbé e jáde ní nǹkan bí 2001. Wọ́n ní: kí ló dé tí ẹni ogún á fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀? Ẹ pín wọn. Kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gba ẹnì kan tàbí méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú wọ́ọ̀dù, kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le gan-an má sì sí lára wọn. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù kò kú ju àwọn tó rí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń dé òkè báyìí ni bẹ́ẹ̀dì ń yọ! Ojú ti rí wọn. Ẹni tí o ń wò lójú, o kò ní lè sọ pé kó dúró di ọ̀la.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹlẹ́rù ní í kọ́kọ́ gbé e ká tó bá a fọwọ́ kún un. Bí èèyàn yín bá wà níbẹ̀, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ béèrè orúkọ dókítà tó gba aláìsàn yín, ẹ kọ ọ́. Ẹ béèrè ibi tí fáìlì wà, ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá pààrọ̀ iṣẹ́: mẹ́jọ àárọ̀, méjì ọ̀sán, mẹ́jọ alẹ́. Oògùn tí wọ́n bá fún un, ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀; bí àsìkò èyí tó kàn bá ti kọjá, ẹ má pariwo, ẹ lọ bá wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, abẹ́rẹ́ agogo mẹ́jọ ìyá mi, ta ni yóò bá wa fún un?" Ìbéèrè yẹn ní agbára ju èébú lọ, torí ó ń mú ẹnì kan jẹ́ ẹ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, kó sì fi bí ẹ ṣe máa ṣe é hàn yín. Ẹ máa wo ọwọ́ aago sílíńdà ọ́síjìn. Bí mímí rẹ̀ bá ń yára sí i, bí kò bá tọ̀ mọ́, bí oorun rẹ̀ bá wúwo lójijì tí kò fi lè dáhùn dáadáa, ẹ má jókòó wò ó pé "wọ́n ti gbà á," ẹ pe ẹni tó wà nítòsí. Ẹ kó páálí oògùn tó ń lò nílé wá. Ẹ má fi àgbo pamọ́ sínú fúláàsìkì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí i tó pọ̀. Ẹni méjì ló tó láti dúró tì í. Ẹ má kó odidi ìjọ wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣáájú àdúgbò bá mi gbé lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó yí wa ká kò ga. Wákàtí méjì péré ni: wákàtí tí dókítà sọ pé kí aláìsàn wọ wọ́ọ̀dù, àti wákàtí tí ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n kọ ọ́ fún gbogbo aláìsàn, kí wọ́n sì lẹ àpapọ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ní àràárọ̀: èèyàn mélòó ló ń dúró, èyí tó pẹ́ jù ti tó wákàtí mélòó. England ń ka tiwọn, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ lóṣooṣù. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025 nìkan, èèyàn tó lé ní 60,000 ló dúró ju wákàtí 12 lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù. Ìtìjú ni fún wọn, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún sì ń sunkún nípa rẹ̀ lórí fóònù. Síbẹ̀ wọ́n kà á, ó hàn sí gbogbo ayé, àwọn oníwèé ìròyìn sì fi ń bi mínísítà wọn léèrè. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì kò nílò kí owó ti Abùjá wá. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tó bá rí i kọ síbẹ̀ láràárọ̀ pé ẹni 17 ń dúró nísàlẹ̀, yóò béèrè ẹni tó ti sàn tó ṣì wà lókè.

Àyè ìbéèrè ti ṣí; ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí èèyàn rẹ̀ wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́wọ́lọ́wọ́, òun ni kó kọ́kọ́ na ọwọ́, kó má bàa pẹ́ níbí.